Àánú àti Ìdúrótini: Àgbéyẹ̀wò Èdè Àdúrà Àwọn Kristẹni Yorùbá, pẹ̀lú Àfiyèsí sí Kabong ní Ìlú Jos

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀rọ̀ náà àánú wò bí àwọn Kristẹni Yorùbá ṣe ń lò ó nínú Bíbélì àti nínú àdúrà. Lẹ́nu Yorùbá ojoojúmọ́, àánú jẹ́ ohun tó máa ń ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ rí ìyà ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ Hébérù náà hesed, tí àánú ń dúró fún ní ọ̀pọ̀ ibi nínú Bíbélì wa, jẹ́ ìwà ẹni tí kò yẹ àdéhùn. A ṣàlàyé bí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ṣe ń fara hàn nínú àdúrà òde òní, a sì gbé ọ̀rọ̀ náà lé ìlú Jos lórí, níbi tí ìbéèrè nípa àánú Ọlọ́run kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ orí pèpéle lásán. Èrò wa ni pé kò yẹ kí a pa àánú tì. Kí olùkọ́ so ó mọ́ ìdúrótini, èyí tí èdè Yorùbá ti ní tẹ́lẹ̀, ni ó yẹ. A parí rẹ̀ pẹ̀lú àbá fún àwọn tó ń kọ́ olùkọ́.

Ìfáárà

Kabong jẹ́ àdúgbò kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Jos North, ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Ìwakùsà tánganran ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ló kó ènìyàn láti ibi gbogbo wá sí ìlú Jos, Yorùbá sì wà lára wọn: oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n bá onílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bá Hausa níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ìjọsìn. Jos náà ni olú-ilé ìjọ COCIN àti ti ECWA wà. Ìjọ ECWA yìí kan náà ló ní gbòǹgbò tó jinlẹ̀ láàárín Yorùbá ní agbègbè Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìgbájà. Nítorí náà, ọ̀nà láti ilẹ̀ Yorùbá dé Plateau kò ṣàjèjì sí àdúrà wa rárá.

Ìlú Jos ti rí ogun abẹ́lé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, òmíràn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, òmíràn sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2010. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 2010, tí í ṣe àìsùn Kérésìmesì, bọ́ǹbù dún ní àwọn àdúgbò tí Kristẹni pọ̀ sí ní ìlú náà. Kabong wà lára wọn, Angwan Rukuba náà sì wà lára wọn. Ẹ̀mí ṣòfò. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ tí a máa ń kọrin pé Ọlọ́run fẹ́ aráyé.

Ìbéèrè tó bí iṣẹ́ yìí kò ṣòro láti sọ. Kí ni ohun tí ẹni tó ń gbé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ń sọ nígbà tí ó bá kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ó ní àánú Olúwa kì í tán? Ṣé irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀ ni? Ṣé àṣà ahọ́n ni? Tàbí òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí èdè tí a fi kọ́ ọ kò jẹ́ kí ó rí dáadáa? Èyí tó gbẹ̀yìn ni a dìmú. A kò sọ pé èdè Yorùbá kò tó láti gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó tó o. Ohun tí a ń sọ ni pé a gbé ẹrù ẹni méjì lé ọ̀rọ̀ kan lórí, a kò sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹrù méjì ni.

Àánú lẹ́nu Yorùbá ojoojúmọ́

Bí a bá fẹ́ mọ ìwà ọ̀rọ̀ kan, kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó máa ń bá rìn. Àánú máa ń bá ṣe rìn. A máa ń sọ pé, "Àánú ọmọ náà ṣe wá." Nínú gbólóhùn yìí, àánú ni olùwà, àwa ni àbọ̀. Kì í ṣe àwa la ṣe nǹkan, nǹkan ló ṣe wá, bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ ènìyàn, bí ẹ̀rù ṣe ń ba ènìyàn. Àánú dé bá wa láti ìta ni.

Ẹ tún wo ẹni tó ni àánú náà. "Àánú ọmọ náà" ni a wí. Ọmọ tí ìyà ń jẹ ló ni àánú, kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dé inú Bíbélì, tí a ka "àánú rẹ̀" nípa Ọlọ́run, ẹni tó ni àánú ti yí padà: ẹni tó ń fúnni ló ni ín. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ "àánú rẹ̀" pẹ̀lú etí ọjà, yóò rò pé Ọlọ́run ni ìyà ń jẹ. Kò sí Kristẹni Yorùbá tó ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí pé nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún tí a ti ń ka Bíbélì ti kọ́ etí wa. Ó yẹ kí olùkọ́ èdè mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni ìyípadà yìí: àwọn atúmọ̀ gba ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tí ìyà ń jẹ, wọ́n fi lé ẹni tó ń gbani lọ́wọ́.

Ohun kẹta ni pé ojú ni àánú máa ń gbà wọlé. A ń sọ̀rọ̀ nípa ojú àánú. Alágbe tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbé ọgbẹ́ rẹ̀ síta. Bí ọlọ́kọ̀ bá ti kọjá, tí ojú rẹ̀ kúrò lára ọgbẹ́ náà, àánú náà a máa rọlẹ̀.

Ohun kẹrin ni ipò. Àánú máa ń ti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí a bá sọ fún ẹgbẹ́ wa pé àánú rẹ̀ ń ṣe wá, inú lè bí i, yóò bi wá pé, "Kí ló ṣe mí?" Ohun karùn-ún ni pé àánú lè tán. Ẹni tó hùwà burúkú léraléra yóò gbọ́ ọ ni ọjọ́ kan: "Àánú rẹ kò ṣe mí mọ́."

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé a gbàgbé aláàánú. Òótọ́ ni. Bí a bá pe ènìyàn ní aláàánú, ìwà rẹ̀ tó ti wà pẹ́ ni a ń sọ, kì í ṣe ohun tó ṣe é ní àná. A tún ní ìyọ́nú, inú tó yọ́, èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ Hébérù mìíràn, rahamim, tó bá ọ̀rọ̀ fún ilé ọmọ nínú obìnrin tan. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ Yorùbá ní èyí: àbiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má ta tìì. Ṣùgbọ́n aláàánú pàápàá, bí ìwà rẹ̀ ti dára tó, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bí ó bá fúnni, ẹ ṣé. Bí kò bá fúnni, kò dalẹ̀. Ibi tí hesed ti yàtọ̀ gan-an nìyí.

Hesed àti iṣẹ́ àwọn atúmọ̀

Ọ̀rọ̀ náà hesed farahàn ní nǹkan bí ìgbà 245 nínú Májẹ̀mú Láéláé, ó sì lé ní 120 nínú ìwé Sáàmù nìkan. Àwọn Júù tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Gíríìkì kí a tó bí Jésù máa ń lo eleos fún un, ọ̀rọ̀ yìí ló sì wọ inú igbe àánú tí ìjọ ń ké nínú ìsìn títí di òní. Miles Coverdale ní ọdún 1535 pa ọ̀rọ̀ tuntun pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìfẹ́ àti inúure nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nítorí pé èyí tó wà nílẹ̀ kò tó o. Nelson Glueck, nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 1927, sọ pé ojúṣe tó wà láàárín àwọn tó bára wọn dá májẹ̀mú ni hesed. Katharine Sakenfeld, ní ọdún 1978, tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò: ó gbà pé àjọṣe ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ó tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó lágbára jù nínú àjọṣe náà ni ó sábà máa ń ṣe hesed, fún ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó lè fi ipá mú un.

Àpẹẹrẹ kan ń bẹ tó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 9, Dáfídì ti di ọba. Ó béèrè bóyá ẹnìkan ṣẹ́ kù ní ilé Sọ́ọ̀lù. Wọ́n mú Mefibóṣẹ́tì wá, ọmọ Jónátánì, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Ọba ní kí ó máa jẹun lórí tábìlì òun. Bí a bá ka ìtàn yìí pẹ̀lú àánú ojoojúmọ́ lọ́kàn, a ó rò pé ẹsẹ̀ tó rọ ló mú ọba ṣe é. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dáfídì ti pinnu kí ojú rẹ̀ tó kan ẹsẹ̀ yẹn. Nítorí Jónátánì ni, ẹni tó bá a dá májẹ̀mú, tó sì ti kú. Olúwa ọ̀rọ̀ náà kò sí láyé mọ́, kò sí ẹlẹ́rìí tí yóò dá Dáfídì lẹ́bi bí kò bá mú un ṣẹ, síbẹ̀ ó mú un ṣẹ. Hesed nìyẹn.

Yorùbá mọ irú ìwà yìí, ó sì ní orúkọ fún un. Àwọn tó bá jọ mulẹ̀ di ọ̀kan, ẹni tó bá sì dalẹ̀, a bá ilẹ̀ lọ. Àwọn àgbà kò ka ọ̀dàlẹ̀ sí ẹni tí kò ní àánú, wọ́n kà á sí ẹni tí kò ní òótọ́. Nítorí náà, bí a bá fi ojú Yorùbá wò ó, hesed kò sí ní agbègbè àánú nìkan. Ó wà ní agbègbè ìmùlẹ̀, òótọ́ àti ìdúrótini pẹ̀lú.

Báwo wá ni àwọn atúmọ̀ wa ṣe ṣe é? Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ìwé Róòmù ti jáde ní ọdún 1850, odindi Bíbélì sì wà lọ́wọ́ Yorùbá kí ọ̀rúndún náà tó parí. Bíbélì àtijọ́ yìí kò lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún hesed. Ní ibì kan àánú ni, ní ibòmíràn oore, ní ibòmíràn ìṣeun tàbí ìṣeun-ìfẹ́. Àwọn atúmọ̀ kò jókòó tẹtẹrẹ. Ìṣeun-ìfẹ́ pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a so pọ̀ bí ti Coverdale.

Ohun méjì ni a rí sọ sí iṣẹ́ wọn. Èkínní jẹ́ ìyìn. Nínú Sáàmù 136, wọ́n mú àánú, wọ́n sì so ó mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe dúró. Ẹ rántí pé nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àánú kì í dúró, ó máa ń ṣeni ni. Ohun tí ọ̀rọ̀-orúkọ náà kò lè gbé, wọ́n fi ọ̀rọ̀-ìṣe gbé e. Dúró sì ni ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ ìṣòótọ́: ẹni tó dúró tini ní ọjọ́ ìṣòro. Ọgbọ́n ńlá ni. Èkejì jẹ́ àríwísí. Bí hesed bá jẹ́ ti Ọlọ́run, àánú ni a sábà máa ń rí. Bí ó bá jẹ́ ti ènìyàn sí ènìyàn, bíi ti Dáfídì sí Mefibóṣẹ́tì tàbí ti Rúùtù sí Náómì, oore tàbí ìṣeun ni a sábà máa ń rí. Nítorí ìdí èyí, ẹni tó ń ka Yorùbá kò lè rí i pé ohun kan náà ni. Kò ní mọ̀ pé ohun tí òun ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní òwúrọ̀ ni ohun tí a ní kí òun ṣe fún ẹnìkejì òun ní ọ̀sán.

Ọ̀kan lára àwọn ìtumọ̀ òde òní ti gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ tí kì í yẹ̀. Èyí sún mọ́ hesed gan-an, nítorí pé yẹ̀ ni a ń sọ nípa àdéhùn. Ṣùgbọ́n nínú àdúrà tí ń jáde lẹ́nu láìwòwé, àánú ṣì ni ọba.

Àánú nínú àdúrà òde òní

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ni àdúrà ṣe máa ń rí. A pín àdúrà àánú tó wọ́pọ̀ láàárín wa sí ọ̀nà mẹ́ta. Kò sí ìjọ kan tó ni ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wa la pín in.

Àkọ́kọ́ ni àdúrà alágbe. Ẹni tó ń gbà á ń gbé ọgbẹ́ rẹ̀ síta bíi ti ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ títì: ó ń ka ìyà rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pariwo, bí ẹni pé Olúwa ni ọlọ́kọ̀ tó ń kọjá lọ, tí ó lè máà rí i. Ẹ̀rù ló wà lábẹ́ àdúrà yìí: bí n kò bá ké tó, àánú náà lè rọlẹ̀. A kò fi ẹkún ṣe yẹ̀yẹ́. Onísáàmù náà sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí onísáàmù bá sunkún, májẹ̀mú ló ń rán Ọlọ́run létí, kì í ṣe ọgbẹ́ nìkan. Ó ń sọ pé: ìwọ tí o mọ̀ mí, ìwọ tí o ti ṣèlérí. Èdè ọmọ nílé nìyẹn, kì í ṣe ti àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Èkejì ni àdúrà ojú rere. Níhìn-ín, àánú ti di ohun tó ń mú ènìyàn fo ìlà. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ ní ìwé-ẹ̀rí, ìwọ kò ní, ṣùgbọ́n àánú yóò sọ̀rọ̀ níbi tí ìwé-ẹ̀rí ti dákẹ́. Ogún ènìyàn wá iṣẹ́, àánú yóò yan ìwọ. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ dúró lórí èyí. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn mọ́kàndínlógún yòókù? Àánú tó jẹ́ pé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ pàdánù kí n tó rí i gbà ti di orúkọ mìíràn fún ojúsàájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì gbà á gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe ń ṣe, kí ni a ó fi dá a lẹ́kun nígbà tí ó bá ń wá èso ìdánwò tí kò ṣiṣẹ́ fún?

Ẹ̀kẹta ni àdúrà ìsinmi. Kì í pariwo. Ó wà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó wà nínú Lítánì àwọn Áńgílíkà, ó wà nínú àìsùn àwọn Aládùúrà, ó wà nínú ìjọ Kátólíìkì pẹ̀lú, níbi tí Póòpù John Paul Kejì ti kọ ìwé kan lórí àánú Ọlọ́run ní ọdún 1980, tí ó sì ṣàlàyé hesed àti rahamim lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀. Àdúrà yìí ń ka ohun tí Olúwa ti ṣe, ó sì fara ti ìyẹn. Nínú rẹ̀, àánú ti di ìdúrótini, bí ẹnu kò tilẹ̀ pe orúkọ náà.

Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ jẹ́rìí sí èyí. Dúrótìmí jẹ́ orúkọ àbíkú. Òbí tó ti sin ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ń bẹ ọmọ tuntun pé kí ó má lọ. Nígbà tí àwọn Kristẹni wá sọ ọ́ di Olúwadúrótìmí, ẹ̀bẹ̀ di ẹ̀rí. Ẹni tí à ń bẹ̀ kò lè ṣèlérí kankan, ẹni tí a ń jẹ́rìí rẹ̀ ti ṣèlérí. Ìtàn hesed wà nínú orúkọ kan ṣoṣo yìí, kò sì sí atúmọ̀ kankan tó jókòó ronú rẹ̀. Ìdílé ló ṣe é.

Sáàmù 136 ní ìlú tí ó ti rí ogun

Sáàmù 136 ní ẹsẹ 26, ègbè kan náà nípa hesed ló sì parí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó rọrùn láti kà níbi tí àlàáfíà bá wà. Ẹ jẹ́ kí a kà á bí ẹni tó wà ní Jos.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀run, ilẹ̀, oòrùn àti òṣùpá ni. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ẹsẹ 10 lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn: àkọ́bí Íjíbítì, ogun Fáráò nínú òkun, Síhónì ọba, Ógù ọba. Lẹ́yìn ikú kọ̀ọ̀kan, ègbè náà tún dé. Bí àánú bá jẹ́ inú tó yọ́ nítorí ìyà, gbólóhùn yìí kò bá ara mu. Àánú ta ni ó ṣe ta ni? Bí ó bá jẹ́ hesed, ọ̀rọ̀ náà yéni: Ọlọ́run dúró ti àwọn tó bá dá májẹ̀mú nígbà tí àwọn alágbára fẹ́ run wọ́n.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, a kò sì gbọ́dọ̀ fò ó. Ní ìlú tí a fi ẹ̀sìn àti ẹ̀yà pín àdúgbò, ó rọrùn kí ẹni tí a sun ilé rẹ̀ ka sáàmù yìí kí ó sì fi orúkọ aládùúgbò rẹ̀ sí ipò Ógù. Ìtàn ọdún 2010 kìlọ̀ fún wa. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, àwọn Mùsùlùmí ni a pa ní Kuru Karama. Ní oṣù Kẹta, àwọn Kristẹni ni a pa ní Dogo Nahawa. Ní oṣù Kejìlá, ó kan Kabong. Ìhà kọ̀ọ̀kan ní òkú tó sin, ìhà kọ̀ọ̀kan sì ní àdúrà tó gbà. Bí ìdúrótini Ọlọ́run bá túmọ̀ sí pé ó dúró tì wá lòdì sí wọn, a ti sọ Olúwa di olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun àdúgbò.

Sáàmù náà fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ó tó parí, ní ẹsẹ 25, ó sọ pé Ọlọ́run yìí ló ń bọ́ gbogbo ẹ̀dá, ègbè kan náà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá dúró ní ẹsẹ 20 kò tíì ka sáàmù náà tán. Ẹ̀kọ́ kíkà ni èyí kí ó tó di ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́: a kì í fi ìdajì ìwé kọ́ ọmọ.

Àlejò tó ṣe hesed, wòlíì tó bínú sí i

Ìwé méjì kéékèèké ran sáàmù náà lọ́wọ́. Nínú ìwé Rúùtù, obìnrin ará Móábù, àlejò pátápátá, ni a sọ pé ó ṣe hesed. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sí òfin tó ní kí ó tẹ̀ lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, síbẹ̀ ó lọ. Bóásì, ọmọ onílẹ̀, ló sì jẹ́rìí sí i. Ní ìlú Jos, níbi tí ọ̀rọ̀ ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò ti da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ìtàn ìfẹ́ lásán ni ìwé yìí. Ó sọ pé ẹni tí ẹ ń pè ní àtọ̀húnrìnwá lè jẹ́ olóòótọ́ ju ọmọ ilé lọ. Yorùbá tó jẹ́ àlejò ní Jos, tó sì jẹ́ onílẹ̀ fún ẹlòmíràn ní Ìbàdàn tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ẹ̀kọ́ kọ́ ní ìhà méjèèjì.

Jónà ni ìkejì. Wòlíì yìí mọ̀ pé Ọlọ́run pọ̀ ní hesed. Ohun tó bí i nínú nìyẹn. Ó sá lọ nítorí kò fẹ́ kí hesed náà dé Nínéfè, ìlú àwọn tó ń ni ènìyàn rẹ̀ lára. Ó mọ ẹ̀kọ́ náà lórí, ó sì kórìíra ibi tí ó ń lọ. Ìwé náà parí pẹ̀lú ìbéèrè tí Jónà kò dáhùn. Ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń gbàdúrà ní Kabong, àti fún gbogbo ẹni tó ń gbàdúrà ní ìhà kejì ìlú.

Nígbà tí a bí Jésù léèrè ẹni tó jẹ́ ọmọnìkejì, ìtàn ará Samáríà ló fi dáhùn. Ọ̀rọ̀ tí amòfin náà fi parí rẹ̀, nínú Lúùkù orí 10, ni eleos, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a máa ń fi túmọ̀ hesed. Ará Samáríà náà rí ọgbẹ́, inú rẹ̀ yọ́, èyí jẹ́ àánú ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ó tún sanwó ilé àlejò, ó sì ní bí òun bá padà dé, òun yóò san ìyókù. Ojú rẹ̀ kúrò lára ọgbẹ́ náà, àánú rẹ̀ kò rọlẹ̀. Nínú ènìyàn kan ṣoṣo, àánú di ìdúrótini.

Àbá fún àwọn tó ń kọ́ olùkọ́

Kò tó kí a rí àlàfo, kí a sì kọjá. Àbá mẹ́rin ni a mú wá síwájú ìpàdé yìí.

Èkínní, kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìsìn Kristẹni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa jọ kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì inú Bíbélì Yorùbá. Gírámà "àánú rẹ̀" jẹ́ ẹ̀kọ́ èdè tó dára, ó sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ pẹ̀lú. Olùkọ́ kan ṣoṣo kò lè gbé méjèèjì dáadáa.

Èkejì, kí olùkọ́ máa fi Mefibóṣẹ́tì ṣáájú nígbà tí ó bá ń kọ́ àánú Ọlọ́run. Ọmọ tó bá mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ tó rọ ló mú ọba ṣe é kò ní máa ka ọgbẹ́ rẹ̀ bí owó tí a fi ń ra àánú.

Ẹ̀kẹta, kí a lo gbogbo èdè tó wà ní kíláàsì. Ní Plateau, ọmọ Yorùbá ń gbọ́ jinƙai àti ƙauna ní Hausa: èkínní bá àánú lọ, èkejì bá ìfẹ́ lọ. Bí a bá bi kíláàsì pé, èwo nínú méjèèjì ló dúró ní ọjọ́ tí inú bá bí ẹni tó ń fúnni, àwọn ọmọ náà yóò dáhùn láti inú èdè tí wọ́n fi ń gbé. Ìpàdé elédè púpọ̀ bí èyí kò gbọ́dọ̀ sọ pé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ Yorùbá.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa ka Sáàmù 136 dé òpin, kí a sì ka Jónà tẹ̀ lé e. Ní àwọn ilé ìwé tó wà ní àdúgbò tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ ààbò ni èyí. Ọmọ tó kọ́ pé àánú Ọlọ́run jẹ́ ti wa nìkan yóò dàgbà, yóò sì di ẹni tí ẹnìkan lè gbé okùúta lé lọ́wọ́.

Ìkádìí

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí bọ́ǹbù pa ẹbí rẹ̀ kò nílò ẹ̀kọ́ gírámà. A gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀fọ̀ kì í ṣe ìgbà àlàyé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá kọ́ ènìyàn ní ọjọ́ àlàáfíà ni yóò bá a ní ọjọ́ ọ̀fọ̀. Bí a bá kọ́ ọ pé àánú ni ohun tó máa ń ṣe Ọlọ́run nígbà tí ojú rẹ̀ bá kan ìyà wa, ọjọ́ tí ìyà bá dé tí kò lọ, yóò rò pé ojú Ọlọ́run ti kúrò lára òun. Bí a bá kọ́ ọ pé àánú Ọlọ́run ni òótọ́ ẹni tí kì í dalẹ̀, yóò lè sunkún, yóò lè bínú, yóò lè béèrè ìdí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn onísáàmù ti béèrè, kò sì ní rò pé a ti kọ òun sílẹ̀. Yóò tún mọ̀ pé òun jẹ aládùúgbò òun ní irú ìdúrótini kan náà, ìbáà jẹ́ mọ́ṣáláṣí ni ti aládùúgbò náà.

Èdè Yorùbá ní ohun tí ó tó láti sọ èyí. Ó ní àánú, ó ní ìyọ́nú, ó ní ìṣeun, ó sì ní dúró tì. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ Bíbélì fún wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan kò tó, wọ́n fi ọ̀rọ̀-ìṣe tì í lẹ́yìn. Iṣẹ́ tó kù fún àwa tó ń kọ́ olùkọ́ ni kí a fi ọ̀rọ̀-ìṣe náà han akẹ́kọ̀ọ́ wa, kí wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni, a máa ń ṣe é ni.